Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Dá Aṣọ Oníbàárà Padà Láìrán

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń yan àlè. Admin, ẹ má fi orúkọ mi síta o.

Télọ̀ ni, Ìkòtún níbí ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, ilé kan náà la jọ ń gbé. Ọdún keje rèé tó ti wọlé wa, kò tíì bímọ, ìyá wa sì ti ń wá ìyàwó míì fún ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń dá aṣọ àwọn oníbàárà padà láìrán... télọ̀ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ó tún ń kúnlẹ̀ fún gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ká foríjin òun. Ìyá wa ní bóyá Mẹ́kà ló ń lọ. Èmi ní ọkùnrin ló fẹ́ kó lọ bá. Mo tẹ̀lé e dé Ìdímù, mo ń sá pamọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bí olè... ilé àbúrò ẹ̀ obìnrin ló lọ. Ó kó gbogbo aṣọ ọmọ tuntun tó ti ń rán pamọ́ látọdún tó ti ṣègbéyàwó, ó kó o fún àbúrò ẹ̀ pátá, ó wá dì mọ́ ọn, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń lọ fẹ́ ọkùnrin míì, ṣé kò ní kó aṣọ ọmọ dání ni? Mo ń fura pé ó fẹ́ pa ara ẹ̀. Mo sọ fún ìyá wa, wọ́n ní kí n panu mọ́, pé ta ló máa wá fẹ́ ọmọ nílé wa tí wọ́n bá gbọ́? Ọwọ́ èmi náà ò sì mọ́. Lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ mi, mo já ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mo ní kó má gbé e. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣì bá wa fọ abọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ yìí ó dá léèsì tèmi náà padà. Mi ò gbà á. Mo ní dandan ni kó rán an. Ó ti wọ̀n mí tán, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi báyìí, ó ń béèrè sítáì tí mo fẹ́. Mo ti yí sítáì náà padà lẹ́ẹ̀mẹta kó má baà dìde lọ. Ṣé kí n bi í lójúkojú bóyá ó fẹ́ kú? Tí mo bá bi í, ṣé mi ò ní fi èrò yẹn sí i lọ́kàn? Ta ni kí n pè, yàtọ̀ sí ìyá mi? Ẹ dáhùn kíá, ẹ jọ̀ọ́, sítáì ti fẹ́ tán lẹ́nu mi.