Ajá Tí Orúkọ Rẹ̀ Kì Í Jáde Nílé

Randall ọmọ mi,

Mo gbà pé lẹ́tà yìí yóò bá ọ nínú àlàáfíà ní ìlú Sinsináátì níbẹ̀, bí òtútù òkè Kẹ̀ntọ́kì wa yìí kò bá dì í mọ́ ọ̀nà. Ọlọ́run tó gbà ọ́ lọ́jọ́ tí o já bọ́ látorí igi ápù yóò máa gbà ọ́ lọ. Orúnkún ń ro mí, àwọn adìyẹ ò yé ẹyin mọ́, ṣùgbọ́n mo wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ní èmi kọ́ ni mò ń jẹ́ èmi. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná kú lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta sẹ́yìn. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n gbé òmíràn fún mi, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ bí bàbá rẹ ti máa ń ṣe, òun tó jẹ́ pé ìka kan ló máa ń nà sókè tí wọ́n á fi gbé àpò ìyẹ̀fun sẹ́yìn ọkọ̀ fún un. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ tẹ orúkọ mi sínú kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní Màmá, máàkì yín mà kéré o. Mo ní máàkì wo, mi ò ṣe ìdánwò kankan mọ́ láti ìgbà tí mo ti ka ìwé mẹ́fà tán. Ó ní máàkì àwìn ni, pé mo ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láwìn mo sì sá, mo ra tẹlifóònù mẹ́rin mo tún sá. Randall, èmi tí mi ò lè sá fún àgbò Hobart aládùúgbò wa, ibo ni mo sá lọ?

Twyla, ọmọ Hobart tó ń ṣọ́ ilé ìkàwé, ló là á yé mi pé olè ti jí orúkọ mi. Mo wo ara mi títí, mi ò rí ibi tó ti yọ ọ́. Ó ní ká sọ fún àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwìn kí wọ́n fi yìnyín dì í, bí wọ́n ṣe ń pe kí wọ́n tì í pa, kí olè má lè lò ó mọ́. Mo ní pẹ̀lú bí ilé mi ṣe wà yìí, àti orúkọ àtẹni tó ń jẹ́ ẹ, gbogbo wa la ti dì tán.

A pè wọ́n. Ẹ̀rọ ló dáhùn, mo kí i, mo béèrè ará ilé rẹ̀, kò kí mi padà. Ó ka orúkọ àdúgbò mẹ́ta, ó ní èwo ni mo ti gbé rí. Mo ní kò sí, àfonífojì tí wọ́n bí mi sí náà ni mo ṣì wà. Ó ní mo kùnà, èmi kọ́ ni Verlene, ó sì pa fóònù. Twyla ní àdúgbò tí olè ń gbé ni wọ́n ti kọ mọ́ orúkọ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ta ọkọ̀ fi ẹ̀dà ìwé tí olè náà fi gbà á ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n bi í ní orúkọ ajá rẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá èmi ni, ó kọ Díákónì. Gbogbo ìlú ló mọ ajá wa sí Rufus. Bàbá rẹ ló ń pè é ní Díákónì nítorí pé bí ìwàásù orí rédíò bá ti bẹ̀rẹ̀ ló máa ń sùn, a sì fi í ṣe èèwọ̀ pé orúkọ yẹn kò gbọdọ̀ jáde nílé, kí Díákónì Amos ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí òun náà máa ń sùn, má baà gbọ́. Ẹni mẹ́ta péré ló mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ wà nínú ibojì, èmi ò sì sọ. Jọ̀ọ́, rántí dáadáa, ta lo sọ̀rọ̀ ajá fún ní ìgboro níbẹ̀?

Mo tún gbé àdírẹ́sì olè náà tó wà nínú ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpòòwé tí o fi kọ̀wé sí mi nígbà Kérésì. Nọ́ńbà kan náà, àjà kejì kan náà. Mo ní Twyla, wò ó, inú ilé Randall lolè ń gbé! Twyla bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Máa ti ilẹ̀kùn rẹ o.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ní bí mo bá fẹ́ gba orúkọ mi padà, àfi kí n búra kí n sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan. Wọ́n béèrè níbẹ̀ bóyá mo mọ ẹni tó ṣe é. Bí mo bá kọ orúkọ, wọn á lọ mú un, tèmi á mọ́, ẹ̀rọ á sì dé kí yìnyín tó le. Bí mo bá kọ pé rárá, mo ti fi Bíbélì búra èké nìyẹn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ sílé ná.

Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí. Ilé ìdáná ni mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, kóòtù bàbá rẹ ni mo wọ̀. Mo ti mú bírò lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́ọ̀mù ìjọba kan ṣoṣo ni mo ti fọwọ́ ara mi kọ láyé mi, èyí tí mo kọ lọ́jọ́ tí mo bí ọ, orúkọ rẹ ni mo sì kọ sí i. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ sí ìkejì.

Bí nǹkan díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kí n fi tún ẹ̀rọ ṣe. Bí kò bá sí, ìwọ alára wá, ẹ̀wà ń bẹ, búrẹ́dì àgbàdo ń bẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ rẹ níbi tí o kò ti ní lè dáhùn.

Èmi ni ìyá rẹ, bí ẹ̀rọ ò tiẹ̀ gbà,
Verlene