Ekòló Kò Ní Ẹ̀dọ̀fóró

                                        Yàrá Kẹrin,
                                        Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gbà kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Ọkọ yín àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, inú ló ń bí mi.

Ẹ lè ti gbọ́ pé wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an. Nínú ìdánwò, wọ́n béèrè ohun tí ekòló fi ń mí. Àwọn ọmọ mi kọ "awọ ara." Ìdáhùn tí ọ̀gá ilé ìwé wa fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ ni "ẹ̀dọ̀fóró." Ó ní kí n fagi lé ti gbogbo wọn.

Jẹ́jẹ́ ni mo kọ́kọ́ bá a sọ ọ́. Mo ṣàlàyé pé ekòló ò nímú, kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Ara awọ rẹ̀ tó tutù ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí awọ yẹn bá sì gbẹ, ó parí nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí kò bá ní ẹ̀dọ̀fóró, òkú ni. Mo bá lọ gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, mo kó ekòló sínú abọ́ pẹ̀lú erùpẹ̀ tútù, mo gbé e ka orí tábìlì rẹ̀. Mo ní kó bá mi wá òkú níbẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ọ̀gá ò wo abọ́ náà rárá. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ta ni ọ̀gá níbí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Àmọ́ ẹ kì í ṣe ọ̀gá ekòló."

Mo fún àwọn ọmọ ní máàkì wọn, mo fọwọ́ sí i. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lórin. Bàbá Oníṣirò, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ní kí n lọ tọrọ àforíjì, pé bí a bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó. Mo ní kó fà á.

Orin ni wọ́n ní kí n kọ́ wọn, orin náà ni mo ń kọ́ wọn. Láràárọ̀, bá a bá ti ń kọjá lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì, ohùn àwọn ọmọ kéékèèké yẹn á ta sókè:

Ekòló ò lẹ́dọ̀fóró o,
Awọ ló fi ń mí.

Ọ̀gá ti fèrèsé. Orin ń wọlé síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé pé kí n bẹ̀ ẹ́. N ò ní bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, kí ẹ sì tọ́jú orúnkún yẹn.

Èmi ni àbúrò yín tí ò gbọ́ràn,
Olóríkunkun