Iná Kan Tó Kọ̀ Láti Kú Nínú Ọkọ̀ Ìyàwó Mi

Èmi, káfíńtà tí gbogbo ojúlé àdúgbò yìí ń pè ní Wọ̀n-ọ́n-Lẹ́ẹ̀mejì, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ni mo ń sọ̀rọ̀ yìí tí akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí n kò mọ̀wé. Orí mi pé. Ojú mi ríran. Etí òsì nìkan ló ti lọ, n kò sì ní há a fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi ọkùnrin ni mo fi ṣe alámòójútó ogún yìí. Bó bá ṣojúsàájú, ẹ rán an létí pé mo mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ìkíní. Ilé tí mo ń gbé di ti àwọn ọmọ mi méjèèjì, obìnrin àti ọkùnrin, dọ́gba-dọ́gba. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn máa ń há nígbà òjò. Ẹ má fi rándà fá a. Ẹ ní sùúrù, yóò gbẹ.

Ìkejì. Ayùn mi, rándà mi àti tábìlì iṣẹ́ di ti ọmọ mi ọkùnrin. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, kò sì fẹ́ràn igi. Kó má ṣáà tà wọ́n fún ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń pọ́n ayùn.

Ìkẹta. Ajá mi yóò fúnra rẹ̀ yan ẹni tó máa bá lọ. Ẹ má fà á.

Ìkẹrin. Ó ku ohun tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí ìyàwó mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, eré kọ̀ǹpútà kan ló gbà á lọ́kàn, èyí tí ènìyàn fi ń wa ọkọ̀ òfurufú ogun láìkúrò nílé. Mo kan àga àti àpótí awakọ̀ fún un, pẹ̀lú bọ́tìnnì, ọ̀pá àti iná kéékèèké yí i ká. Rewáyà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ló so wáyà wọn. Nítorí pé apá òsì máa ń ro ìyàwó mi, mo ṣe ìgbápálé sí ẹ̀gbẹ́ àga náà, mo sì fi tìmùtìmù bò ó.

Bó bá ti ṣí ọkọ̀, gbogbo iná ìkìlọ̀ á tàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń gbéra, wọ́n á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò lè ka orúkọ wọn, ipò wọn ni mo fi mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan kò kú rí, ìkẹta láti ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Iná ńlá iwájú máa ń pariwo nítorí rẹ̀. Ìyàwó mi á tẹ̀ ẹ́, ariwo á dákẹ́, kékeré yẹn á ṣì máa tàn. Mo bi í léèrè ohun tó fà á.

"Jẹ́ kó máa tàn, Bàbá wọn," ló wí. "Kò dí mi lọ́wọ́."

Ọdún méjì ni ìyàwó mi fi fò bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ohun tó ń ṣe iná yìí. Mo pààrọ̀ gílóòbù. Ó tàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbé e sí ojú ihò ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ó sì kú nígbà tó yẹ. Ẹlẹ́gbẹ́ tí mo gbé sí ipò rẹ̀ ni kò kú mọ́. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé gílóòbù kò jẹ̀bi. Mo wá dájọ́ pé Rewáyà ló so wáyà gbòdì, mo sì sọ ọ́ sí i lójú níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. A kò kí ara wa mọ́. Ọmọ mi obìnrin ní kí n jẹ́ kí òun ka ohun tí wọ́n kọ sára iná náà fún mi. Mo ní kó gbé ìwé rẹ̀ kúrò lójú mi, pé ọwọ́ mi mọ ohun tó bàjẹ́. Kò wọ yàrá náà mọ́.

Mo ti ń sọ fún akọ̀wé pé kó kọ ọ́ pé kí ẹ fọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí ohun tó bàjẹ́ mọ́ ìyàwó mi lọ́wọ́ ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé ní òun kì í kọ ohun tí òun kò rí. A jọ wọlé, mo ṣí ọkọ̀ fún un. Ó tẹjú mọ́ iná náà, ó kà á: àga kò tíì ṣe tán. Ó wá ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tí ìyàwó mi fi sábẹ́ àga. Ìwé náà ní bí ọkọ̀ bá ń jóná, àga ló ń gbé awakọ̀ fò jáde, ṣùgbọ́n awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ ti ọ̀pá kékeré kan síwájú lápá òsì. Mo ní kò sí ọ̀pá kankan níbẹ̀. Mo wá rántí. Mo tú síkúrù méjì, mo gbé ìgbápálé mi kúrò, ọ̀pá náà wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tì í. Iná kú.

Ìyàwó mi ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé. Ó mọ̀. Ọdún méjì ló fi bá àwọn ọ̀tá inú eré náà jagun láìní ọ̀nà àjáde, kó má baà sọ fún mi pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló fà á. Apá rẹ̀ ni mo wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. N kò wọn ibi tí ọ̀pá wà, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Ìkarùn-ún. Ẹ̀rọ tí mo fi ń lu ihò sára igi di ti Rewáyà, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Mo ránṣẹ́ pè é, ó wá. Akọ̀wé ní ẹni tó bá gba ogún kò lè ṣe ẹlẹ́rìí. Rewáyà ní ẹlẹ́rìí ni òun ó jẹ́, kí n gbé ẹ̀rọ mi pamọ́. Ó gba ẹ̀bẹ̀ nìkan.

Ìkẹfà. Ọmọ mi obìnrin, ìwọ lo ni ọkọ̀ náà. Ẹ má fọ́ ọ. Mo ti fa ọ̀pá padà, mo ti dá ìgbápálé padà sí ipò rẹ̀, iná sì ń tàn. Bí o bá fẹ́ tú u kí o tó fò, síkúrùdíráfà wà nínú àpò ẹ̀yìn àga. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbé apá lé e ná. Apá ìyá rẹ lo ní, yóò bá ọ mu. Gbogbo ogún tí mo há lókè yìí, ẹ dúró dìgbà tí mo bá kú. Èyí nìkan ni kí o má dúró dè. Iná mẹ́tàlá ló kù tí wọn kò tíì kà fún mi. Wá kà wọ́n. Mo fẹ́ mọ orúkọ wọn.

Àtàǹpàkò mi rèé, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta, ọdún kẹrin tí ìyàwó mi ti kú.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Akọ̀wé, tó kà á sí mi létí ọ̀tún.
Ẹlẹ́rìí kejì: Rewáyà, òdìkejì ọ̀nà.