Fọ́tò Inú Ikùn Bàbá

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Wàá jáde ire, wàá wọlé ire, ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àfi pé òjò ti ń wọ yàrá olóògbé ìyá rẹ, mo sì ti kó aṣọ rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, èmi ń sùn sórí àga.

Inú rírun tí mo ń sọ fún ọ lórí fóònù lọ́jọ́ tí o ní o wà ní mítíǹgì ló gbé mi dé ọsibítù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kámẹ́rà ya inú ikùn mi, kí n má jẹun wá. Mo mọ̀ pé kí ibẹ̀ lè mọ́ nínú fọ́tò ni. Mo fá irùngbọ̀n, mo wọ kóòtù tí mo wọ̀ níbi ìgbéyàwó rẹ, àṣé ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n máa gbà, wọn ò tiẹ̀ wo kóòtù. Fọ́tò náà nìyí, gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ kí àwọn ọmọ lè mọ̀ mí.

Dọ́kítà ní awọ tó tẹ́ inú ikùn mi ti ń bó, pé ọkàn tí kò balẹ̀ wà lára ohun tó ń dá kún un. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ kí n rán òmíràn, ṣebí télọ̀ ni mí. Ó tún ní èròjà kan wà, sẹrotóníìn, tó ń bá ìmọ̀lára ẹni ṣiṣẹ́, ìfun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, àti pé ìfun àti ọpọlọ máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi, n ò mọ̀ pé ẹni méjì ṣì ń sọ̀rọ̀ nílé yìí.

Ó bi mí pé ta ni mo ń bá jẹun, mo ní rédíò ni. Ló bá kọ ìlà méjì sínú ìwé: oògùn àárọ̀, àti pé kí n máa rí ẹni bá jẹun. Obìnrin tó ń ta oògùn níbẹ̀ kó ti ìlà kìíní fún mi, ó ní àwọn kì í ta ti ìlà kejì. Mo ní kó tún wo pẹpẹ ìsàlẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn ránṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin ló kù kó tán. Ti ìlà kejì, mo ti wá a káàkiri àdúgbò, ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ló kù. Àárò rẹ ń sọ mí. Bí kò bá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ, màá lò ó bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọmọ tí yóò bá ọ jẹun lọ́jọ́ alẹ́ rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.