Ṣọ́ọ̀ṣì Tuntun Tí Pósí Ìyá Mi Kò Lè Wọ̀

Ìlá, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Kejì, 1957

A sin Ìyá mi lónìí. Ó yẹ kí n máa sunkún, ṣùgbọ́n inú ló ń bí mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì tuntun yẹn ni. Kò ní ilé agogo. Òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pèpéle tí a ń sá kòkó sí, ògiri rẹ̀ sì kún fún ihò bí asẹ́. Ọmọ ìlú wa kan tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ló ya àwòrán rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló fi ń yangàn jù: ó ṣe é tóóró, ó sì mú un yí bìrí, kí èèyàn lè rọra bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀.

Ibi tó ti yí yẹn ni pósí Ìyá há sí. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, kò lọ.

Ayàwòrán wa ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kàn gbé e nàró díẹ̀, á kọjá."

Mo ní, "Ìyá mi nìyẹn, kì í ṣe pákó."

Kò tilẹ̀ wojú mi. Ògiri ló ń wò, bóyá pósí ti bó ọ̀dà rẹ̀.

A gbé Ìyá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ àtijọ́, èyí tí wọ́n fẹ́ wó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti so òun àti Bàbá pọ̀. Gbogbo ìjọ tẹ̀lé wa.

Nígbà tí a ti itẹ́ òkú dé, Pásítọ̀ sọ fún mi pé wọn kò ní wó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà mọ́, wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ìsìnkú.

Mo ní, "Ẹ ṣeun sà. Èmi ò tíì kú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni n ó ti jọ́sìn lọ́la."