Ìwé Ìyọ̀ǹda Lórí Ọpọlọ Màmá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ìwọ, ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. A ti tún òrùlé ṣe, orúnkún mi sì ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gan-an rèé. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ Màmá nìkan kò lè fi ohun tó ń jẹ ìrántí wọn hàn, torí àwọn àmì kéékèèké tó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbímọ́ni tó wà nínú ara, kò rí bákan náà nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ọpọlọ. Ó fẹ́ yẹ ọpọlọ wọn wò lẹ́yìn ikú, àwa ọmọ méjèèjì la sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó mú un. Èmi gan-an ò rí nǹkan mú níbẹ̀ mọ́."

Mo ti fọwọ́ sí tèmi, má fi tìrẹ falẹ̀. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí. Jọ̀ọ́, tètè wálé. Lánàá, orúkọ rẹ ni wọ́n fi pè mí, mo sì dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin