Ẹ̀bẹ̀ Tí Alhaji Làtíìfù Ajíbóyè Kò Rán Wa (1957–2024)

A bí Alhaji Làtíìfù Àjàní Ajíbóyè ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1957, ní agboolé Ajíbóyè, ìlú Ìwó. Alhaji Súlè, télọ̀, ni bàbá wọn. Àlhájà Rábíátù ni ìyá wọn. Ìwé kẹta ni wọ́n kà dé ní ilé ìwé girama tí bàbá wọn fi kú ní ọdún 1973.

Wọ́n fẹ́ Àlhájà Sìdíkàt ní ọdún 1984. Ní 1989, wọ́n dé London. Yàrá kan ni tọkọtaya àti ọmọ méjì gbé ní North Peckham Estate fún ọdún mẹ́fà. Ògiri rẹ̀ máa ń sun omi láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin. Yaqub, àbúrò wọn tí ó ń kọ ìwé yìí lórúkọ ẹbí, sùn sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì wọn fún oṣù mọ́kànlá.

Ní 1994, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Bermondsey gba Alhaji síṣẹ́. Wọ́n ń fi lẹ́búlẹ́bú ha ojú kírísítà títí yóò fi dán, òkúta tí ó mọ́ gaara bíi dígí, tí ìmọ́lẹ̀ lésà ń gba inú rẹ̀ kọjá. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sẹ́ni tí ó dá iṣẹ́ wọn padà.

Ní oṣù kejì ọdún 2011, oníbàárà kan dá kírísítà méje padà pé ìmọ́lẹ̀ ń fọ́nká nínú rẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà sọ pé ọwọ́ Alhaji ni ó bà á jẹ́. Alhaji ní rárá, inú òkúta ni àbùkù wà: irin bíńtín ti bọ́ sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ. Bí lésà bá tàn sí irin náà, iná mànàmáná kékeré a ṣí kúrò níbẹ̀, a lọ há síbi tí ó ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá tún ń kọjá a sì yà kúrò lọ́nà. Alhaji ní kí ọ̀gá gbé òkúta náà sínú ààrò gbígbóná. Bí ó bá jẹ́ àpá ọwọ́, kò ní kúrò. Bí ó bá jẹ́ àpá ìmọ́lẹ̀, yóò parẹ́. Ọ̀gá gbà láti dán an wò ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ṣáájú, àwa ẹbí lọ bẹ ọ̀gá láìsọ fún Alhaji. Nílé tiwa, a kì í dúró wádìí ẹni tí ó jẹ̀bi kí a tó bẹ àgbà. Àlhájà kúnlẹ̀, Yaqub dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì. Yaqub ní kí ó ṣàánú wọn, pé ojú ẹ̀gbọ́n òun kò ríran dáadáa mọ́. Irọ́ ni. Ọ̀gá kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, ó ní Alhaji ti jẹ̀bi nìyẹn. Wọn kò tan ààrò mọ́. Ní Mọ́ńdè, wọ́n lé Alhaji kúrò níṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni Alhaji bi wá: “Yaqub, èwo nínú ojú mi ni kò ríran?”



Ilé ìwé kan ní Sydenham ni wọ́n ti ń gbálẹ̀ lẹ́yìn náà títí di 2022. Gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní mọ́sálásí, wọn kò sì sọ̀rọ̀ wa láìdáa fún ẹnikẹ́ni. Ní 2016, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ Yaqub fi fídíò irú òkúta bẹ́ẹ̀ hàn. Wọ́n gbé e sínú ooru; àpá náà parẹ́. Yaqub jáde. Ọdún mẹ́jọ ni ó fi mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni ó jàre, tí kò wí.

Alhaji dágbére fáyé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu wa pé ojú ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, irọ́ ni a pa fún yín. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú, wọ́n ṣì ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún Àlhájà láìlo awò ojú.

Wọ́n fi Àlhájà Sìdíkàt sílẹ̀, àwọn ọmọ wọn Bàrákàt, Ọlábọ̀wálé àti Àmírà, ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àti Yaqub.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an ni ó yẹ kí a kúnlẹ̀ bẹ̀. Ẹ dárí jì wá. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ́lẹ̀ sí ibùsùn yín. Ẹ sùn re o.